Ẹsẹ̀ Àṣá Funfun

Òtútù tó mú ní adágún Harrowgill lọ́jọ́ náà kì í ṣe òtútù tí èèyàn ń fi ẹ̀wù lé lọ. Irú èyí tó ń wọ inú eyín ni, tó ń mú kí omi ojú gan mọ́ ìpéǹpéjú kó tó ráyè ṣàn. Beryl Ogden dúró lórí ògiri dáàmù, ó di ojú kan, ó fi èkejì mọ́ awò awọ̀nàjíjìn ńlá orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ń wo ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún láàárín ẹrẹ̀, níbi tí kò ti tóbi ju kòkòrò lọ lójú ẹni tí kò ní awò.

Wilfred kò mira. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti mira gbẹ̀yìn.

Ẹni tó bá mọ Wilfred kò ní tìtorí èyí já láyà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ nínú gbogbo àwọn awòyẹ orí òkè yẹn, àwọn tó ń fi wíwo ẹyẹ igbó ṣe ìgbádùn, kò sẹ́ni tó lè dúró gbagidi bíi tirẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ kékeré kan bà lé fìlà rẹ̀ nígbà kan, ó tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe tán, ó ṣu sí i, kó tó bá tirẹ̀ lọ. Dídúró jẹ́ẹ́ ni iṣẹ́ awòyẹ. Ẹyẹ kì í bá oníwàdùwàdù ṣọ̀rẹ́. Ohun tí Beryl ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu Clement Thwaite ló gbé ọkùnrin náà dé inú ẹrẹ̀. Clement ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ara rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ tún tóbi jù ú lọ, ó sì ti ń bá tọkọtaya náà wo ẹyẹ láti ìgbà tí ewú kò tíì sí lórí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀rẹ́ wọn ni, àmọ́ ọ̀rẹ́ tó dà bí òkúta inú bàtà ni.

Láàárọ̀, Wilfred ló kọ́kọ́ rí àṣá náà. Funfun báláú ni, ó tóbi tó àkùkọ, ó jókòó sórí òkúta kan láàárín ẹrẹ̀, ó tẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó tó pa mọ́lẹ̀, ó ń tu ìyẹ́ rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ilé irú àṣá bẹ́ẹ̀ wà ní àríwá ayé lókè réré, níbi tí yìnyín kì í yọ́. Ọ̀pọ̀ awòyẹ ló ti dàgbà, tó ti darúgbó, tó ti kú, tí kò fi ojú kàn án. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ yìí, abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wọn. Ńṣe ni Wilfred di Beryl ní apá aṣọ mú, tó ń fà á bí ọmọdé tó rí ológuguru.

Clement wa mọ́tò lọ sí abúlé tó wà nísàlẹ̀, ó wọ inú àpótí tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pe àwọn awòyẹ ìlú ńlá. Bí àṣà wọn ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá rí ẹyẹ ọ̀wọ́n kì í dá a jẹ. Wọ́n ní àwọn ti ń gbéra bọ̀. Ìgbà tó padà dé tó wá fi ara balẹ̀ wo ẹyẹ náà ni ẹnu ń yún un.

"Àṣá ọ̀sìn ni," ni Clement wí. "Ó já okùn mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ni."

Àwọn kan wà ní ilẹ̀ yẹn tí wọ́n ń fi àṣá dọdẹ. Wọn a máa so okùn awọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ méjèèjì, bí ó bá sá lọ, okùn náà a máa bá a lọ. Àṣá tí okùn bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí adìẹ lójú awòyẹ. Títí a ó fi rí ẹsẹ̀ lásán, àṣá funfun kò tíì di àṣá funfun. Láti orí dáàmù, ìyẹ́ ikùn rẹ̀ àti ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó ń tu ti bo ẹsẹ̀ náà pátápátá, àfi kéèyàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nísàlẹ̀.

"Wilfred, ọ̀rẹ́ mi," ni Clement tún wí, "àwọn èèyàn ń wakọ̀ bọ̀ lórí yìnyín nítorí adìẹ ẹni ẹlẹ́ni. Ta ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo? Ó dájú pé èmi kọ́."

Wilfred mu tíì rẹ̀ tán, ó ti búrẹ́dì oníwàràkàṣì bọ àpò, ó ní òun ń lọ wo ẹsẹ̀.

Òjò kò rọ̀ dáadáa láti ìgbà ìkórè. Adágún ti fà sẹ́yìn, ògiri òkúta abúlé àtijọ́ tí omi bò nígbà tí wọ́n kọ́ dáàmù ti yọrí jáde bí egungun ẹ̀yìn màlúù tó rù. Èèyàn lè rìn lórí rẹ̀. Ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lèèyàn kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Ojú rẹ̀ ti dì, ó ń dán bí ojú ẹ̀kọ tó tutù, àmọ́ inú rẹ̀ kò dì. Àgùntàn àwọn àgbẹ̀ ti wọ̀ ọ́ rí, tí wọn kò rí nǹkan kan fà yọ mọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Beryl sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó má kúrò lórí ògiri. Ó ní òun gbọ́. Beryl mọ̀ pé ẹni tó ní òun gbọ́ kò tíì ní òun gbà.

Wilfred rìn lórí ògiri náà, ó tẹ̀, ó ká kò, ó ń lọ bí ológbò. Níbi tí ògiri ti tán, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún yìnyín, ó tún gún un, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn òkìtì ẹrẹ̀ kékeré kan, òkìtì náà sì bò ó láti àyà lọ sísàlẹ̀. Fìlà rẹ̀ ṣì hàn, èjìká rẹ̀ ṣì hàn. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ibẹ̀ ló sì wà di ìsinsìnyí, tí oòrùn ti fi ẹ̀yìn kan òkè.

"Clement," ni Beryl rọra wí, "ṣé bí Wilfred ṣe rí yẹn kò ṣe ọ́ bákan?"

"Bí òpó ló rí. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn."

"Kò tíì sún síwájú rárá."

"Kí ló fẹ́ sún síwájú ṣe? Ó ń dúró kí ẹyẹ yẹn na ẹsẹ̀ ni. Ìwọ náà fi ọkàn balẹ̀ jàre, ọkọ rẹ ń dọdẹ."

Beryl padà sẹ́nu awò. Ó fẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀, àmọ́ ṣáàfù ti bo ẹnu àti imú, ó sì jìnnà. Èéfín èémí tó yẹ kó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ló wá ń wá. Ó rí i lẹ́ẹ̀kan, fẹ́ẹ́rẹ́. Ó dúró de èkejì. Ó pẹ́ kó tó dé.

Òfin kan wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí ẹyẹ tí àwọn èèyàn ń bọ̀ wá wò bá ṣì wà nílẹ̀, o kò gbọdọ̀ pariwo, o kò gbọdọ̀ ju apá, o kò gbọdọ̀ sáré. Ẹni tó bá lé ẹyẹ kí àwọn yòókù tó rí i, ó ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Rodney Birtles ní àgbègbè yẹn, ó sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo létí omi, ẹyẹ ọ̀wọ́n kan sì fò lọ. Títí di òní, bí Rodney bá wọ ilé ọtí, ìbáà jẹ́ pé ó sín tàbí kò sín, gbogbo ilé ni yóò kí i pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Wọ́n tún ti ń kí ìyàwó rẹ̀ pàápàá bẹ́ẹ̀ ní ọjà nísinsìnyí. Beryl fúnra rẹ̀ ti kí i rí, ó sì ti rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, nígbà tó bọ́ ṣáàfù pupa ọrùn rẹ̀ láti fì í sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Clement rí i, ó di etí ṣáàfù náà mú.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Kó kàn dá mi lóhùn ni. Kó gbé ọwọ́ kan péré."

"Wàá lé e. Àwọn èèyàn yẹn ti wà lójú ọ̀nà láti ọ̀sán. Wo ọ̀hún."

Ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, iná ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ń gun òkè bọ̀, ó ń yọ̀ díẹ̀ nígbà tó bá kan ibi tí yìnyín wà. Clement ní bí wọ́n bá dé, tí wọ́n bá ti fi ojú kan ẹyẹ náà, kí Beryl lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì bó bá wù ú. Ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó tún fi kún un pé Wilfred kò ní dárí jì í bó bá ba ọdẹ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nísinsìnyí, nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni yóò pa ẹnu òun Clement mọ́, gbogbo ayé ló sì mọ bí Wilfred ṣe ń wá ohun tí yóò pa ẹnu òun mọ́ tó.

Òótọ́ kún inú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló sì mú kó burú. Bí Wilfred bá ń dọdẹ lóòótọ́, tí òun aya rẹ̀ ló wá lé àṣá náà níṣojú Clement, ilé kò ní tòrò. Bí kò bá sì jẹ́ pé ó ń dọdẹ ńkọ́? Awòyẹ tó ń dúró de ẹyẹ àti awòyẹ tó rì sínú ẹrẹ̀ títí dé ìbàdí, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ lókèèrè. Beryl rò ó pé kí òun sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a láìpariwo. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Clement ní bó bá ti jáde kọjá ògiri dáàmù, ojú àṣá yóò bá a. Ó dá ẹsẹ̀ náà padà. Òjìji òkè ti bo ìdajì ẹrẹ̀, ibi tó bá sì ti bò, funfun yìnyín ibẹ̀ ń di àwọ̀ eérú.

Ìgbà náà ni àṣá gbéra.

Kò fò lọ. Ó fi pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀, ó na apá, ó rọra fò gba ojú ẹrẹ̀ kọjá, ó sì bà lé òkúta mìíràn, òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà níwájú òkìtì ibi tí Wilfred wà gan-an. Èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọ̀pá kàn án láti ibẹ̀. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbọn ìyẹ́, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fi ẹnu nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára èékánná.

Clement ti fi ojú mọ́ awò tirẹ̀. "Kò sí okùn," ló ń wí, "Beryl, kò sí okùn. Ẹsẹ̀ lásán ni, méjèèjì. Orí mi o. Ẹyẹ igbó ni. Ọkọ rẹ borí, kí n sọ òótọ́, ó borí mi."

Beryl kò wo ẹsẹ̀ àṣá. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Wilfred Ogden gbé awò lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá Beryl ń sunkún, ó yọ ọ́ láti inú kóòtù nítorí ẹyẹ kan tó ń kọjá lórí òrùlé. Nígbà tí wọ́n gbé òkú bàbá rẹ̀ kọjá létí odò, ó gbé e. Kò sí ẹyẹ kan tó ti súnmọ́ ọn rí láyé tí ọwọ́ rẹ̀ kò lọ sí ọrùn, ìbáà jẹ́ kannakánná. Ẹyẹ tó ti ń lá lálàá láti kékeré wá dúró síwájú rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán hàn án, awò sì so kọ́ ọrùn rẹ̀ níbi tó so kọ́ sí.

"Kò gbé e," ni Beryl wí.

"Kí ni?"

"Kò gbé awò rẹ̀, Clement."

Clement ṣí ẹnu láti fèsì, àmọ́ Beryl ti pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Kò tíì pe èèyàn bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ohùn náà lọ gba ògiri dáàmù, ó lu òkè òdìkejì, ó padà wá. Gbogbo ohun tó ní apá létí adágún náà ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyẹ òkun, pẹ́pẹ́yẹ igbó, kannakánná, ojú ọ̀run ṣókùnkùn, ariwo wọn bo ohùn tirẹ̀. Láàárín wọn, àṣá funfun gbé ara rẹ̀ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ já lórí okùn, ó kọjá lórí òkè, ó lọ.

Nísàlẹ̀, fìlà Wilfred rọra yí síhà ibi tí ìpè ti wá. Lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, kò sì gbé e sókè mọ́.

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ òfin. Clement sáré lọ sí àhéré igi tí àwọn awòyẹ máa ń sá sí lọ́jọ́ òjò, ó fi èjìká fa ilẹ̀kùn rẹ̀ ya kúrò lára ìdè tó ti dípẹtà, ó gbé e lé orí, ó sì ń sáré, ọkùnrin tí Beryl kò rí kó sáré rí. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró. Àwọn ọ̀dọ́ méjì bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Keith àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Lorna. Wọ́n rí àgbàlagbà tó gbé ilẹ̀kùn sáré, wọ́n rí obìnrin tó ń sáré lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò béèrè ohun kan, wọ́n tẹ̀ lé wọn.

Níbi tí ògiri ti tán, wọ́n rí i. Ẹrẹ̀ ti mú un kọjá ìbàdí. Yìnyín tó fọ́ yí i ká ti tún ń dì padà mọ́ kóòtù rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ aró, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń rántí ibi tó ti mọ̀ wọ́n. Kò gbọ̀n rárá. Lorna, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, rí i pé kò gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì yí padà, nítorí ẹni tí òtútù mú débi tí kò gbọ̀n mọ́ ti súnmọ́ ikú.

Wọ́n tẹ́ ilẹ̀kùn sórí ẹrẹ̀. Clement fẹ́ gùn ún, Beryl tì í sẹ́yìn, ó ní bó bá gbé ikùn yẹn lé e, èèyàn méjì ni àwọn yóò máa wá. Òun ló fúyẹ́ jù. Ó dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀kùn, ó fàyà fà bí alángbá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ilẹ̀kùn ń ké, omi dúdú ń yọ ní etí rẹ̀. Ó ti apá bọ abẹ́ abíyá Wilfred, ó so ṣáàfù pupa mọ́ ọn láyà, wọ́n so bẹ́líìtì Keith mọ́ ṣáàfù, wọ́n fà. Ẹrẹ̀ kò jù ú sílẹ̀. Wọ́n tún fà. Wilfred kérora, kò sún.

"Ẹ má fà mọ́," ni Beryl wí. "Ẹ máa ya á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ walẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọnù, ó ń kó ẹrẹ̀ kúrò nídìí itan ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wa iṣu, ẹrẹ̀ ń padà, ó ń kó o. Ó ń bú u bó ṣe ń wà á. Ó bú ìran rẹ̀, ó bú bọ́ọ̀sì tó fi ṣiṣẹ́ ṣe, ó bú gbogbo ohun tó ń jẹ́ ẹyẹ. Ó ní bó bá kú síbẹ̀ lónìí, aṣọ tó burú jù ni òun yóò fi sin ín, òun yóò sì fi awò yẹn gún iṣu. Ó ń bú u kó má baà sùn ni, nítorí ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Nígbà tí ọwọ́ Beryl kan orúnkún rẹ̀, ó rí i pé bàtà gígùn náà ni ẹrẹ̀ dì mú. Ó pariwo pé kí wọ́n fà á nísinsìnyí, kí bàtà dúró. Ẹrẹ̀ náà súfèé, ó gbé bàtà méjèèjì àti ìbọ̀sẹ̀ mì, ó sì pọ Wilfred sórí ilẹ̀kùn bí ẹja.

Wọ́n gbé e dé inú ọkọ̀ Lorna. Clement yọ ìgò brandí kékeré láti inú àpò, Lorna gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sórí àga. Ó ní ọtí ló máa pa á báyìí, kí wọ́n má sì ra á lára. Wọ́n bọ́ aṣọ tútù, wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n ní wé e, kóòtù Clement, kúbùsù, àpò ìsùn. Beryl bọ́ kóòtù tirẹ̀, ó wọ inú ìdì náà lọ, ó fi àyà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ara mọ́ ògiri. Keith ti wa mọ́tò Clement sísàlẹ̀ láti lọ pe dókítà.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ni Wilfred wí, ọ̀rọ̀ náà ń fà bíi ti ọ̀mùtí.

Clement dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹrẹ̀ dé ọrùn rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ lásán ni, òun rí i, méjèèjì.

Wilfred ní ó dáa. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìyókù lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ rì, ó rò pé òun lè rọra yọ ara òun. Nígbà tó rí i pé kò ṣeé ṣe, àṣá ṣì wà lórí òkúta, ó sì rò pé kí Clement kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, kí àwọn ará ìlú ńlá dé ná, lẹ́yìn náà òun á pariwo. Ìgbà tó wá fẹ́ pariwo, ohùn kò sí mọ́. Beryl gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó kàn fún apá mọ́ ọn lára sí i, bóyá nítorí ìfẹ́ ni, bóyá nítorí kó má baà gbá a létí.

Mọ́tò méjì mìíràn ti gun òkè dé. Àwọn awòyẹ bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wo adágún tó ṣófo. Beryl gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ibo ni ó wà, tí Clement sì fèsì pé ó ti lọ.

"Ó ti lọ? Ta ló lé e?"

"Èmi ni," ni Clement wí. "Mo pariwo."

Beryl yọ orí láti inú kúbùsù, ó na ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀, ó ti fèrèsé ọkọ̀ sísàlẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa," ló wí. "Èmi ni. Beryl Ogden. Mo pe ọkọ mi, ẹyẹ náà sì fò. Bí ẹ bá fẹ́ sọ mí lórúkọ nílé ọtí, ẹ sọ mí, ẹ jẹ́ kó dún dáadáa."

Àwọn èèyàn náà wo obìnrin ẹlẹ́rẹ̀ náà, wọ́n wo ilẹ̀kùn àhéré tó wà nílẹ̀, wọ́n wo ipa ibi tí wọ́n ti wọ́ ọkọ rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà. Lorna tan ọkọ̀, ó ní kí Beryl ti fèrèsé yẹn, ooru ń jáde. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abúlé, wọ́n ti kọjá àfárá àkọ́kọ́, kí Beryl tó gbọ́ ohun kan tó ń kan pẹ́pẹ́pẹ́ nítòsí etí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ara ọkọ̀ ló ń dún. Eyín Wilfred ni. Ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń gbọ̀n débi pé kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan tán, Lorna sì wo ẹ̀yìn nínú dígí, ó ní ìyẹn dáa, mà, ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n. Beryl di í mú, òun náà sì ń bá a gbọ̀n.